Gbígba ilé lọ́wọ́ onílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìtọ́sọ́nà fún ọmọ Okun àti àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sí i láti ilé

Láti Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìyàrá ní ilẹ̀ Okun, ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kàwé, láti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí láti tọ́jú àwọn arúgbó. Gbogbo ẹbí ló máa ń dá owó jọ fún físà àti owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbà ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ múra sílẹ̀ fún, ibẹ̀ sì ni owó púpọ̀ ti ń bọ́ sọ nù.

Ohun kan gbọ́dọ̀ yé wa kí á tó gbéra. Nílé, bí ayálégbé àti onílé bá ní gbólóhùn asọ̀, ẹ̀gbọ́n kan tàbí àgbà ìjọ á dá sí i, wọ́n á bẹ bàbá onílé, ọ̀rọ̀ á tán. Kódà, bí ọmọdé bá béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ àgbàlagbà, ó lè dà bí ẹni pé kò fọkàn tán an. Lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tí ẹ máa rán sí onílé. Ìwé ló ń bá ayálégbé sọ̀rọ̀: àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, ímeèlì, fọ́tò tó ní déètì, àkọsílẹ̀ báǹkì. Kì í ṣe àfojúdi láti béèrè wọn. Ohunkóhun tí onílé bá fi ẹnu ṣèlérí, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an pé ohun tí ẹ jọ sọ nìyí.

Òfin England ni a tẹ̀ lé nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Scotland àti Wales ní tiwọn. Ní Scotland, dípọ́sítì, ìyẹn owó tí onílé ń mú dúró nítorí ìbàjẹ́ tó sì ń dá padà bí ẹ bá jáde, lè tó owó ilé oṣù 2, wọn kì í sì í yẹ ìwé ìgbélùú wò kí wọ́n tó gbé ilé fún ènìyàn. Ní Wales, onílé gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Rent Smart Wales, ẹ sì lè wo orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ má ṣe jókòó sí Kàbà kí ẹ san owó ilé tí ojú ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀ kò tíì rí. Àwọn gbájú-ẹ̀ á jí fọ́tò ilé tó rẹwà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pe owó rẹ̀ ní iye tó kéré sí ti àdúgbò, wọ́n á ní àwọn ò sí nílùú, pé kí ẹ fi dípọ́sítì ránṣẹ́ kí àwọn fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí yín. Ẹni tó ṣì wà ní Nàìjíríà ni wọ́n ń wá, torí wọ́n mọ̀ pé kò lè yọjú. Bí onílé bá ní kí ẹ tètè ṣe é, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di olè, torí ilé wọ́n níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kọ̀ kí ẹnikẹ́ni wọ inú ilé náà wò, ẹ fi í sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ gba yàrá ní hostel ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ibi tí ẹ lè sùn fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ ara yín wá ilé. Bí ẹ bá ní ìbátan níbẹ̀, ẹ rán an lọ wò ó. Bí kò bá sí, ẹ ní kí ẹni tó ń fi ilé hàn pè yín lórí fídíò lójú ẹsẹ̀. Fídíò tó ti ká sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò wúlò. Kó bẹ̀rẹ̀ láti títì, kó fi nọ́ńbà ilé hàn, kó ṣílẹ̀kùn, kó ṣí omi gbígbóná, kó tan iná, kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì kí ẹ rí bóyá omi ń jò níbẹ̀.

Ẹ kó ìwé yín jọ: lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ibi iṣẹ́, àkọsílẹ̀ báǹkì, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ onílé yín ní Lọ́kọ́ja tàbí ibikíbi tí ẹ ti gbé rí, tó sọ iye ọdún tí ẹ lò àti pé ẹ kò jẹ gbèsè. Lẹ́tà yẹn wúlò gan-an, torí àwọn éjẹ́ǹtì máa ń béèrè ìtàn ìgbàlé ẹni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sì ní òmíràn.

Ní England, òfin ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún onílé láti yẹ ẹ̀tọ́ yín láti gbalé wò. Right to Rent ni wọ́n ń pè é. Káàdì BRP, tó ń jẹ́rìí ìwé ìgbélùú ẹni, ti dópin láti ìparí ọdún 2024, eVisa, ìyẹn físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló rọ́pò rẹ̀. Ẹ wọ àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí físà, lórí gov.uk, ẹ gba share code (nọ́ńbà tí onílé máa fi yẹ ẹ̀tọ́ yín wò) fún ilé gbígbà, ẹ fún onílé pẹ̀lú ọjọ́ ìbí yín. Lẹ́tà R ló ń bẹ̀rẹ̀ code ti ilé. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W, ti iṣẹ́ ni, onílé kò lè fi ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ 90 ló ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni láti gba òmíràn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gba owó àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò owó náà dáadáa

Nílé, a mọ owó ọdún kan tàbí méjì, owó àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀nnù éjẹ́ǹtì àti owó kọ́ṣọ̀n. Ẹ gbàgbé ìyẹn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019, éjẹ́ǹtì England kò gbọ́dọ̀ gba owó fọ́ọ̀mù, owó àgírímẹ́ǹtì tàbí kọmíṣọ̀nnù lọ́wọ́ ayálégbé mọ́. Onílé tó gbé iṣẹ́ fún un ló ń san án. Ohun tí wọ́n lè gbà kí ẹ tó wọlé kò ju mẹ́ta lọ: owó tí ẹ fi di ilé mú, tí kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ 1 lọ, dípọ́sítì, tí kò gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ 5 lọ bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000, àti owó ilé oṣù àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò yàrá tí wọ́n pè ní £650 lóṣù. £650 lọ́nà 12 jẹ́ £7,800. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, ó di £150 lọ́sẹ̀. Nítorí náà, owó tí ẹ fi di ilé mú kò gbọ́dọ̀ ju £150 lọ, dípọ́sítì kò gbọ́dọ̀ ju £750 lọ. Pẹ̀lú owó oṣù kìíní, gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju £1,400 lọ, torí £150 àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n sábà máa ń yọ nínú ìyókù. Ẹ kíyè sí i pé àwọn mìíràn ń polówó ilé ní iye ọ̀sẹ̀. £150 lọ́sẹ̀ kì í ṣe £600 lóṣù, £650 ni, ìyàtọ̀ £600 sì ni lọ́dún.

Lẹ́yìn tí ẹ bá san owó dídi ilé mú, ọjọ́ 15 ni wọ́n ní láti parí ọ̀rọ̀, àfi bí ẹ bá jọ kọ déètì mìíràn sílẹ̀. Bí onílé bá yí ọkàn padà, kó dá a padà láàárín ọjọ́ 7. Bí ẹ̀yin bá yí ọkàn padà, tàbí ẹ parọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ó lè mú un dúró. Ẹ má ṣe san án sórí ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Tẹ́lẹ̀, àwọn onílé máa ń ní kí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè san owó oṣù 6 tàbí ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Renters' Rights Act ọdún 2025 ti dá ìyẹn dúró: láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, onílé kò gbọ́dọ̀ béèrè ju oṣù 1 lọ kí ẹ tó wọlé, kò sì gbọ́dọ̀ gba owó ilé kankan kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Kò tún gbọ́dọ̀ gba iye tó ju èyí tó fi polówó lọ, kódà bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ fi kún un. Àwọn hostel ńlá tí wọ́n kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan wà lábẹ́ ètò mìíràn. Wọ́n lè gba owó sáà kan lápapọ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń fi owó ránṣẹ́, ẹ fi sínú àkáǹtì ọmọ yín gan-an ní UK, kó jẹ́ pé òun ni yóò san án fún onílé. Bí ẹni tó bá yín pààrọ̀ náírà sí pọ́ùn bá lọ san án tààrà láti inú àkáǹtì tirẹ̀, éjẹ́ǹtì lè kọ̀ ọ́, ọmọ yín kò sì ní ní ẹ̀rí pé òun ló sanwó. Owó tútù lọ́wọ́? Rárá o.

Ìgbésẹ̀ 3: Onídùúró

Níwọ̀n bí wọn ò ti lè gba owó oṣù 6 mọ́, onídùúró ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹni tó ń gbé ní UK, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ìlọ́po 30 tàbí 36 owó ilé oṣù kan. Fún yàrá £650, ìyẹn jẹ́ £19,500 tàbí £23,400. Bàbá yín ní Ìsánlú kò lè ṣe é, bó ti wù kó lówó tó, torí kóòtù ibẹ̀ kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ ọmọ ìlú yín kan, ẹ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ohun tó ń fọwọ́ sí ni pé bí ẹ kò bá san owó ilé, òun yóò san án. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá sì jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, ó lè jẹ gbèsè gbogbo yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdúró rẹ̀ mọ sórí ìpín tiyín nìkan. Bí ẹ kò bá rí ẹnìkankan, ẹ béèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, torí àwọn yunifásítì kan máa ń dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan náà wà tó ń dúró fún ènìyàn, ṣùgbọ́n owó tí ẹ bá san fún wọn kì í padà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ta ló ni ilé?

Ẹ lọ sórí ojúlé HM Land Registry lórí gov.uk, ẹ san £7, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó ni ilé náà. Bí orúkọ tó wà nínú àdéhùn bá yàtọ̀, ẹ béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ éjẹ́ǹtì, ó lè jẹ́ ayálégbé tó ń tún ilé onílé fi háyà. Éjẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àti èyí tó ń dáàbò bo owó oníbàárà. Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà yẹ kó wà lórí ojúlé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígbé pẹ̀lú ọmọ ìlú wa gba àlàyé. Ó dára kí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ gba àbúrò sílé, bẹ́ẹ̀ ni ìran wa ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń san owó yàrá nínú ilé tí òun náà ń gbé, ẹ̀tọ́ yín kò pọ̀: òfin kò fi dandan lé e láti fi dípọ́sítì yín pamọ́, ó sì lè ní kí ẹ kó jáde láìlọ sí kóòtù. Bó bá jẹ́ pé ilé káńsù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, ló gbà, tó wá kó jáde tó fi gbogbo rẹ̀ háyà fún yín, òfin ọdún 2013 sọ ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ẹ̀yin náà á sì pàdánù ilé lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá onílé rẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, kó sì kọ lẹ́tà kan tó sọ iye tí ẹ ń san. Báǹkì àti dókítà yóò béèrè ẹ̀rí àdírẹ́sì lọ́wọ́ yín láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Àdéhùn

Ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ wo orúkọ onílé àti àdírẹ́sì rẹ̀ ní England tàbí Wales, iye owó ilé, ọjọ́ tí ẹ ó máa san án, àti ẹni tó ń san iná, gáàsì àti omi. Bí ẹ bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, gbèsè ẹnìkan gbèsè gbogbo yín ni. Ìwé yàrá kọ̀ọ̀kan sàn jù.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2026, àdéhùn ọlọ́dún kan tí kò ṣeé jáde nínú rẹ̀ kò sí mọ́ lọ́wọ́ onílé aládàáni. Oṣù dé oṣù ni, ẹ sì lè jáde bí ẹ bá fún un ní ìwé oṣù 2 ṣáájú. Onílé kò sì lè lé yín láìsọ ìdí mọ́. Bó bá fẹ́ ta ilé tàbí fẹ́ wọ inú rẹ̀, kò lè ṣe é ní ọdún kìíní, ó sì gbọ́dọ̀ fún yín ní oṣù 4. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan jọ ń gbé yàtọ̀ díẹ̀: onílé lè gbà á padà láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án kí àwọn tuntun lè wọlé, bó bá ti kìlọ̀ fún yín látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò gáàsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò ju ọdún 1 lọ, ìwé àyẹ̀wò iná tí kò ju ọdún 5 lọ, àti ìwé EPC, tó ń sọ bí ilé náà ṣe ń jẹ iná àti gáàsì tó. Áláàmù èéfín gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè kọ̀ọ̀kan ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ti carbon monoxide, gáàsì olóró, sì gbọ́dọ̀ wà ní yàrá tí bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, wà. Gáàsì olóró yẹn kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́

Wákàtí kan tí ẹ bá lò lọ́jọ́ yìí ló máa gba dípọ́sítì yín padà. Kí ẹ tó gbé àpótí wọlé, ẹ ya fídíò láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá ìkẹyìn. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìbàjẹ́ ní súnmọ́súnmọ́: ibi tí kápẹ́ẹ̀tì ti jóná, inú ààrò, abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, igun fèrèsé, ẹ̀yìn wọ́dùróòbù, inú fìríìjì. Ẹ ya nọ́ńbà mítà iná, ti gáàsì àti ti omi. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé nínú ímeèlì lọ́jọ́ náà, kí déètì lè wà lórí rẹ̀. Bó bá fún yín ní ìwé ẹrù ilé láti fọwọ́ sí, ẹ kọ ohun tí kò tọ̀nà síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Onílé ní ọjọ́ 30 láti fi dípọ́sítì yín sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí: Deposit Protection Service, MyDeposits tàbí Tenancy Deposit Scheme. Ó gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́ fún yín pẹ̀lú ìwé. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ẹ wọ ojúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá orúkọ yín.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà tí ẹ ń gbé ibẹ̀

Ẹ jẹ́ kí báǹkì máa san owó ilé fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kan lóṣù. Ẹni tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kíkún kì í san owó orí káńsù bí gbogbo àwọn tó wà nílé bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ kó fi ránṣẹ́ sí káńsù. Bí ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ bá wọlé sí àárín yín, ìwé owó á dé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ló máa ń ba ilé jẹ́, tó sì ń dá ìjà sílẹ̀. Ní Kàbà, fèrèsé wa ṣí sílẹ̀, aṣọ ń gbẹ nínú oòrùn. Lọ́hùn-ún, òtútù á mú ká ti gbogbo fèrèsé, ooru ọbẹ̀, ti ìwẹ̀ àti ti aṣọ tútù á há sínú ilé, á kan ògiri tútù, á di omi, ohun dúdú á sì hù lára ògiri. Ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láràárọ̀. Ẹ dé ìkòkò, ẹ tan fáànù tó ń fa ooru jáde títí di ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá dáná tán. Ẹ má ṣe sá aṣọ sórí híítà. Ẹ sá a sí balùwẹ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé ibẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọ́dùróòbù àti ògiri ìta. Híítà tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju èyí tí ẹ tàn gidigidi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rinrin ni ẹ̀bi yín o. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti fèrèsé àti igun yàrá, ooru inú ilé ló sábà máa ń fà á. Bí ẹ bá rí àmì àwọ̀ ilẹ̀ roboto lára àjà, tàbí ibì kan ṣoṣo tó ń tutù lẹ́yìn òjò, tàbí ọ̀rinrin tó ń gòkè láti ilẹ̀, ilé ló ń jò, iṣẹ́ onílé sì ni. Òfin ọdún 1985 fi òrùlé, ògiri, fèrèsé, páìpù, iná, gáàsì, híítà àti omi gbígbóná lé e lọ́wọ́. Ẹ kọ ímeèlì sí i pẹ̀lú fọ́tò àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó sọ ọjọ́ tí yóò rán ènìyàn wá. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ẹ lọ bá ẹ̀ka ìlera àyíká ní káńsù. Ẹ má ṣe dá owó ilé dúró láti fi bínú. Bí gbèsè bá tó oṣù 3, ẹ ti fún un ní ìdí láti gbé yín lọ sí kóòtù.

Bí ẹ bá ń dín ẹja tàbí ń din ata, áláàmù èéfín lè ké. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má yọ bátìrì rẹ̀. Iyán gígún pẹ̀lú odó nínú ilé tó ní ẹni lábẹ́ máa ń mú ìwé ẹ̀sùn wá, ẹ lo ẹ̀rọ. Epo pupa tó bá ta sí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ògiri, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni wọ́n máa ń yọ owó rẹ̀ nínú dípọ́sítì.

Onílé gbọ́dọ̀ sọ fún yín ní wákàtí 24 ṣáájú kó tó wá wo ilé, àfi bí iná bá ń jó tàbí omi ń ya. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló lè fi kún owó ilé, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó tọ́ àti oṣù 2 ṣáájú. Bó bá pọ̀ jù, ẹ lè gbé e lọ sí tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ ọ̀rọ̀ owó ilé, kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tàbí kó ẹrù yín síta láìsí àṣẹ kóòtù, òfin ọdún 1977 ka ìyẹn sí ọ̀daràn: ẹ pe káńsù, ẹ pe ọlọ́pàá. Onílé tó ń halẹ̀ pé òun máa sọ fún àwọn oníìwé ìgbélùú kò lè fi ìyẹn gba físà yín, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ lé òfin rẹ̀. Shelter àti Citizens Advice ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín náà sì máa ń ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 8: Nígbà tí ẹ bá ń jáde

Ẹ fi ìwé oṣù 2 ránṣẹ́, kí ó parí ní òpin oṣù owó ilé. Ẹ fọ ilé náà: ààrò, ẹ̀yìn fìríìjì, orí gáàsì, ibi tí epo ti ta. Wọn kò lè fi dandan lé yín láti gba ilé-iṣẹ́ afọlé, ṣùgbọ́n ilé gbọ́dọ̀ mọ́ bí ẹ ṣe bá a. Ẹ tún ya fọ́tò láti igun kan náà tí ẹ ti ya ti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ya mítà. Ẹ sọ fún káńsù àti ilé-iṣẹ́ iná pé ẹ ti lọ.

Ẹ béèrè dípọ́sítì nínú ímeèlì lọ́jọ́ kan náà. Kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó nítorí pé ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ kì í ṣe ìbàjẹ́. Bí onílé bá fẹ́ yọ owó tí ẹ kò gbà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú dípọ́sítì kí oṣù 3 tó pé. Ọ̀fẹ́ ni ìdájọ́ wọn, onílé ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Bó bá jẹ́ pé kò fi owó náà pamọ́ rárá, kóòtù lè ní kó san ìlọ́po 1 sí 3 dípọ́sítì náà fún yín, ẹ sì ní ọdún 6 láti pè é lẹ́jọ́. Bí ẹ bá ń padà sílé, ẹ má ti àkáǹtì báǹkì yín pa títí owó náà yóò fi wọlé.